Àròkọ Tí Kò Rí Èsì

  Nígbà tí àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ yìí bá dé, àṣà wa ni láti ka iye ilé tí a kọ́, iye ọmọ tí ó yege nínú ìdánwò, àti iye owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá. Ó dára bẹ́ẹ̀, a kò sì fẹ́ kí ó dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́kàn wa lọ́dún yìí kò jẹ mọ́ ilé, kò sì jẹ mọ́ owó. Ọ̀rọ̀ nípa ohun tí àwọn ọmọ wa ń kọ sínú ìwé ni, àti ẹni tí ó ń kà á.

Ní sáà tí ó kọjá, wọ́n pè wá láti wá darí àdúrà òwúrọ̀. Lẹ́yìn àdúrà, olùkọ́ èdè Yorùbá kan gbà wá láàyè láti wo àròkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ọmọbìnrin kan kọ nípa ìyá àgbà rẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, síbẹ̀ tí ó ń rin ewùrà, tí ó sì ń se ìkọ́kọrẹ́ fún gbogbo ilé. Ó ní etí ni ìyá náà fi ń mọ̀ bí oúnjẹ bá jinná. Yóò jókòó ti ìkòkò, yóò dẹ etí sí i, yóò sì ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí ó tọ́ gan-an. Nísàlẹ̀ àròkọ náà, olùkọ́ fi yíǹkì pupa kọ 14 nínú 20, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ọmọ náà ṣọ́ra fún àmì ohùn.

A kò dá olùkọ́ náà lẹ́bi. Ìwé tí ó ń yẹ̀ wò pọ̀ ju ohun tí ojú méjì lè kà tán lálẹ́ kan. Ṣùgbọ́n a bi àwọn ọmọ náà léèrè pé, ta ni nínú wọn ni ó mọ ìyá àgbà kan tí ó ń fi etí gbọ́ ìkòkò? Kò sí ẹni tí ó na ọwọ́. Èyí tí ó jókòó ti ọmọ náà láti ọdún mẹ́ta kò mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ka àròkọ náà, àṣìṣe ni ẹni náà sì ń wá nínú rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ. Ọmọ tí ó ń kọ̀wé nítorí máàkì nìkan lè mọ ìwé kọ, ṣùgbọ́n kò tíì mọ bí a ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó bá ka ìwé náà, tí ó ronú sí i, tí ó sì kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ni yóò kọ́ ọ ní èyí. Ẹni tí ó fèsì náà yóò sì kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì ni a ń wí. Láàrin Yorùbá, ìkíni tí kò ní ìdáhùn, ìjà ni. Bí àgbà bá kí ènìyàn tí ẹni náà sì dákẹ́, wọn kì í sọ pé kò gbọ́. Wọ́n á ní kò ní ẹ̀kọ́. Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn baba wa ní àrokò, àwọn Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sì wà lára àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí ọmọge kan lè fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí i, nítorí pé ẹ̀fà dún bí ọ̀rọ̀ náà fà. Bí inú ọmọge náà bá dùn sí i, owó ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi dá a lóhùn, nítorí pé ẹ̀jọ dún bí ọ̀rọ̀ náà jọ, èyí tí ó já sí pé ọkàn àwọn méjèèjì jọ rí bákan náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà lásán kò tíì jẹ́ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ owó ọjà. Ẹni tí ó gbà á tí ó sì mọ èsì rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Bí àrokò ti rí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni àròkọ rí. Àmì ohùn àti fáwẹ́lì ìkẹyìn nìkan ni ó pààlà sáàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Àwa tí a jẹ́ Kristẹni tún ní ìdí mìíràn láti mọ iyì èsì. Apá tí ó pọ̀ nínú Májẹ̀mú Titun, lẹ́tà ni. Ní orí keje ìwé Kọ́ríńtì Kìíní, Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ará Kọ́ríńtì lóhùn lórí ohun tí àwọn fúnra wọn ti kọ ránṣẹ́ sí i. Lẹ́tà tiwọn ti sọnù, kò sí ẹni tí ó tún lè rí i. Ṣùgbọ́n nítorí pé Pọ́ọ̀lù fèsì, a mọ ohun tí ó ń dùn wọ́n, a mọ oúnjẹ tí wọ́n ń ṣe àríyànjiyàn lé lórí, a sì mọ ìṣòro tí ó wà nínú ìgbéyàwó wọn. Èsì ni ó pa ọ̀rọ̀ wọn mọ́ fún wa. Ní ìparí ìwé tí ó kọ sí àwọn ará Kólósè, ó pàṣẹ pé kí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìjọ Laodíkíà, kí àwọn náà sì ka èyí tí yóò ti Laodíkíà wá. Ìjọ kan ń ka ìwé ìjọ kejì. Báyìí ni àwọn tí kò rí ojú ara wọn rí ṣe di ará.

Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ níhìn-ín pàápàá, a ní àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa. Ní ọdún 1989, Wọlé Ṣóyínká tẹ ìwé kan jáde tí ó fi orúkọ ìlú bàbá rẹ̀, Ìsarà, pè. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ St. Peter's ní Aké, Abẹ́òkúta. Essay ni wọ́n ń pe bàbá yìí, láti inú lẹ́tà S àti A tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, ó sì wá bọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún àròkọ nìyẹn. Àpótí kan tí lẹ́tà àti ìwé àtijọ́ bàbá náà wà nínú rẹ̀ ni ó tan iná ìwé yìí. Àwọn olùkọ́ àti ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kàwé ni wọ́n ń kọ̀wé síra wọn níbẹ̀, tí wọ́n ń ta ko èrò ara wọn, tí wọ́n sì ń gba ara wọn níyànjú. Essay sì ní ọ̀rẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Ashtabula ní ìpínlẹ̀ Ohio, tí wọ́n jọ ń kọ lẹ́tà síra wọn. Ènìyàn tí a bí ní Ìsarà ń ronú nípa Ashtabula, ó sì ní láti ronú nípa bí yóò ṣe ṣàlàyé Ìsarà fún ẹni tí kò tíì rí i rí. Ẹni tí ó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìlú rẹ̀ mọ́. Ìbéèrè àlejò ni ó ń mú kí onílé wo ilé rẹ̀ dáadáa.

A kì bá tí sọ gbogbo èyí bí kì í bá ṣe pé àwa náà jẹ gbèsè kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1974, nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹta, olùkọ́ wa kan ní àṣà pé kí a máa pààrọ̀ ìwé àròkọ wa kí ó tó yẹ̀ wọ́n wò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ka ti ẹnì kejì, yóò sì kọ èsì sí abẹ́ rẹ̀. Ìwé ọmọkùnrin kan tí ó wá láti abúlé kan lẹ́bàá Ṣágámù bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ó kọ nípa ìyá rẹ̀ tí ó ń ṣe òwò obì. Ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn, èdè Rẹ́mọ pọ́ńbélé sì kún inú rẹ̀. Àwa ti Ìbàdàn wá ní tiwa, a sì rò pé èdè tiwa nìkan ni Yorùbá. A kọ gbólóhùn méjì péré sí abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀: “Èdè oko lo fi kọ èyí. Kọ Yorùbá.” Àwọn tí ó jókòó tì wá kà á, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ náà kò lù wá. Ó ní, “Èmi ni mo ń wá àṣìṣe. Ẹ̀yin, ọ̀rọ̀ ni kí ẹ wá.” Ó ní kí a tún èsì náà kọ, kí a má sọ ohun tí a mọ̀, bí kò ṣe kí a béèrè ohun tí a kò mọ̀. Tìbínú-tìbínú ni a fi béèrè ìdí tí wọ́n fi ń fi ewé wé obì, àti ìdí tí ìyá rẹ̀ fi ya oríṣi méjì sọ́tọ̀. Ọmọ náà sì dá wa lóhùn. Ó ní wọ́n á rẹ obì sínú omi, wọ́n á bó awọ funfun ara rẹ̀, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí ó má baà gbẹ. Ó ní gbànja kì í ní ju àwẹ́ méjì lọ, òun sì ni ó ń lọ sí Òkè Ọya. Àbàtà tí ó ní àwẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń lò fún ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Ó ní àwọn Hausa tí ó wà ní Sábó ni oníbàárà ìyá òun, ìyá òun sì gbọ́ èdè wọn ju bí bàbá òun ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwa tí a pè é ní ará oko kò mọ ẹyọ kan nínú gbogbo èyí. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ lọ́jọ́ náà kò kúrò lára wa, ó sì ràn wá lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àlùfáà ju ọ̀pọ̀ ohun tí a kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn lọ.

Nítorí pé a dárúkọ Sábó, ó yẹ kí a sọ ohun tí ó wúwo jù. Ní oṣù Keje ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣágámù láàrin Yorùbá àti Hausa nítorí ọ̀rọ̀ ọdún Orò. Ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá jóná, ìgbẹ̀san sì tún gba ẹ̀mí mìíràn ní Kano. Àwọn tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò obì láti ọjọ́ pípẹ́ di ọ̀tá lóru ọjọ́ kan. Ìjà bẹ́ẹ̀ kì í ní okùnfà kan ṣoṣo, a kò sì jẹ́ sọ pé àròkọ àwọn ọmọ kíláàsì ìbá ti dá a dúró. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a ti ń bi ara wa láti ìgbà náà. Nínú gbogbo ọdún tí a ti ń gbé pọ̀, ta ni ó sọ fún ọmọ Sábó kan rí pé kí ó kọ bí òru Orò ti ń rí nínú ilé wọn, nígbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn tí ẹ̀rù sì ń bà wọ́n? Ta ni ó ní kí ọmọ Ṣágámù kà á, kí ó sì ṣàlàyé fún un, láìsí ìbínú, ohun tí òfin náà jẹ́ fún àwọn baba rẹ̀? Àwa Kristẹni kì í bọ Orò, a kò sì sọ pé kí ọmọ wa bọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ kà sí ọ̀wọ̀ tàbí ohun tí ó ń bẹ̀rù, báwo ni yóò ṣe fẹ́ràn rẹ̀ bí ara rẹ̀?

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní kò sí àyè, pé ìdánwò WAEC ń bọ̀. Èsì wa ni pé lẹ́tà àti àròkọ wà nínú ìdánwò náà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àròkọ onísọ̀rọ̀ǹgbèsì, níbi tí ẹni méjì ti ń fèsì síra wọn. Báwo ni ọmọ tí kò fèsì fún ẹnikẹ́ni rí yóò ṣe kọ ọ́ kí ó dùn? Àwọn mìíràn á ní àwọn ọmọ wa ń fèsì síra wọn lórí fóònù láti àárọ̀ di alẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́ kò tíì dáhùn. Ó kàn fi hàn pé òun wà níbẹ̀ ni. Èyí tí ó bà wá lẹ́rù jù ni ti àwọn tí yóò ní àwọn ọmọ yóò fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. A kò lè jiyàn èyí, nítorí pé àwa gan-an ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ó fi gbọ́dọ̀ ní ìlànà.

Ìlànà tí a dá lábàá fún ọ̀gá àti àwọn olùkọ́ nìyí. Kí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ní sáà kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi àròkọ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ kí olùkọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹni tí ó kà á kọ èsì tí kò ní dín ní gbólóhùn márùn-ún, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Kí ó sọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ó wá mọ̀ nínú ìwé náà. Kí ó béèrè ìbéèrè kan tòótọ́. Kí ó sì sọ ohun kan nínú ilé tirẹ̀ tí ó jọ ọ́ tàbí tí ó yàtọ̀ sí i. Àmì ohùn àti àṣìṣe, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún olùkọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tí ó kọ àròkọ dáhùn ìbéèrè náà, kí olùkọ́ sì fún èsì ní máàkì gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fún àròkọ. Kò gba owó. Ìwé àti bírò kan náà tí àwọn ọmọ ti ní lọ́wọ́ ti tó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ wà lẹ́yìn odi, iṣẹ́ tiyín wà níbẹ̀. Ọmọ yín tí ó ń dàgbà ní Peckham ní London tàbí ní Houston kò lè mọ Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ṣágámù nípa aṣọ ẹbí nìkan. Ẹ jẹ́ kí ó kọ lẹ́tà kan ní ọdún sí ọmọ kan níhìn-ín, ìbáà jẹ́ pé Yorùbá rẹ̀ kò dán mọ́rán. Ọmọ tibí yóò béèrè ọ̀rọ̀ òtútù àti bọ́ọ̀sì alájà méjì. Ọmọ tọ̀hún yóò béèrè ọ̀rọ̀ obì àti ìkọ́kọrẹ́. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá mú ìwé rẹ̀ wálé, ẹ má wo máàkì nìkan. Ẹ ka ohun tí ó kọ, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan. A sì bẹ olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí pé, lọ́dún tí ń bọ̀, bí ó bá fẹ́ tẹ àròkọ ọmọ kan jáde, kí ó tẹ èsì ọmọ mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kí a tó kúrò ní kíláàsì lọ́jọ́ tí a wí yẹn, a fi pẹ́ńsù kọ ìbéèrè kan sí abẹ́ àròkọ ọmọbìnrin náà: “Kí ni ìyá àgbà ń gbọ́ nínú ìkòkò?” Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èsì rẹ̀ dé ọwọ́ wa, ojú ewé méjì gbáko. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà òun lọ béèrè. Ìyá àgbà sọ fún un pé ariwo ìkòkò máa ń le nígbà tí omi pọ̀, pé bí ó bá jinná, ohùn rẹ̀ á wúwo, á sì lọ sílẹ̀. Ó tún sọ fún un pé ọwọ́ ìyá òun ni òun ti kọ́ ọ, àti pé kò sí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kan tí ó béèrè rí.

Ní ti ọ̀rẹ́ wa ọmọ olóbì, a pàdé rẹ̀ ní ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Bí ó ti rí wa, ó ka gbólóhùn méjèèjì tí a kọ sí abẹ́ ìwé rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín. A bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Má da ara rẹ láàmú, ó ti pẹ́.” Lẹ́yìn náà, ó ní láti ìgbà tí òun ti jáde ilé-ẹ̀kọ́, yàtọ̀ sí ìwé ìṣirò owó ọjà, òun kò kọ nǹkan kan mọ́. Ìbéèrè tí olùkọ́ ní kí a béèrè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì àkọ́kọ́ ni ó gbé lọ sílé.

Èyí ni ó mú wa kọ̀wé yìí. Àwọn ọmọ wa yóò fèsì síra wọn dandan, bí kò ṣe nínú ilé-ẹ̀kọ́, á jẹ́ lójú títì. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn bí a ti ń ṣe é nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́run tí ó ń gbọ́ àdúrà, tí ó sì ń dáhùn, fún wa ní etí àti sùúrù. Kí ó jẹ́ kí a ṣe púpọ̀ ọdún láyé. Àmín.